Ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì: ó ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ láìwọ ọsibítù kankan, ẹ wá gbọ́. Mo ra ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì yẹn (nikotíìnì ni nǹkan inú sìgá tó ń di bárakú síni lára), ó sì bá mi lára mu. Wàhálà ẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo kẹ́míìsì ló ní in, mo béèrè káàkiri l'Óṣogbo láti Ìgbọ̀nà dé Ọláìyá, òmíì tiẹ̀ fẹ́ ta tọ́mtọ́m fún mi, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo tó rí i ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Òkè-Fìà. Owó ẹ̀ ò kéré rárá, ẹni tó ń ra sìgá lẹ́yọ-lẹ́yọ á kọ́kọ́ pariwo.

2mg àti 4mg ló wà, 4mg ló le jù. Tẹ́ẹ bá máa ń ṣáná sí sìgá àkọ́kọ́ kí ìṣẹ́jú 30 tó pé lẹ́yìn tẹ́ẹ jí, 4mg ni tiyín. Màmá tó ń tà á ò kánjú, wọ́n là á yé mi pé èyí kì í ṣe ṣingọ́ọ̀mù à-jẹ-pa-pa-pa o, ẹ máa rún un jẹ́jẹ́ títí á fi máa ta yín lẹ́nu, kẹ́ẹ wá kì í sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó máa gbabẹ̀ wọlé sára, tí títa yẹn bá ti lọ kẹ́ẹ tún rún un. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ kíákíá tó ń gbé itọ́ ẹ̀ mì, òsúkè ni. Bọ̀dá kan tó ń wa kọ̀rọ̀pẹ́ ládùúgbò wa ṣe bẹ́ẹ̀, òsúkè ò jẹ́ kó pe èrò, ló bá ju ìyókù nù, ó ní jìbìtì ni 😂. Ẹ má sì mu kọfí tàbí kóòkì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kẹ́ẹ tó jẹ ẹ́, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ téèyàn fi sìgá sílẹ̀ ló le jù, inú á kàn máa bí èèyàn ṣáá, oorun á dàrú. Ṣingọ́ọ̀mù yìí dín ìyẹn kù lóòótọ́, kò pa á rẹ́. Kò sì lè bá yín lé ọ̀rẹ́ jáde ní ìsọ̀ paraga, ìyẹn tọwọ́ yín ni jàre. Mo máa ń jẹ orógbó náà mọ́ ọn, kẹ́nu ṣáà ríṣẹ́ ṣe.

Tó bá jẹ́ ọtí ni tiyín, èyí ò kàn yín o. Ẹni tó ń mutí gan-an lójoojúmọ́ tó bá já a lójijì, gìrì lè mú un, kó tètè rí dókítà.

4 nínú 5. Owó ẹ̀ ló jẹ ìkan tó kù.