Òfin dátà inú Google Analytics 4: èyí tó yẹ ká tàn, èyí tó yẹ ká rọra ṣe

Ọ̀fẹ́ ni Google Analytics 4 (GA4), ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ìtajà fi ń lò ó láti mọ iye èèyàn tó wọlé, ibi tí wọ́n gbà wá àti ohun tí wọ́n rà. Àwọn òfin tó wà nínú Admin, ojú ìwé ètò rẹ̀, la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, àwọn tó ń yọ dátà dànù tàbí tó ń yí i padà kó tó dé inú ìròyìn: Data filters, Modify event, Create event àti Redact data. Event ni GA4 ń pe ohun kọ̀ọ̀kan tí àlejò bá ṣe, bíi kó ṣí ojú ìwé tàbí kó rajà. Agbára wọn ò dọ́gba, ewu wọn náà ò sì dọ́gba.

Kò sí èyí tó ń padà sẹ́yìn nínú wọn. Òfin tí ẹ gbé kalẹ̀ lónìí ò lè tún dátà àná ṣe. Èyí tí filter (asẹ́) bá sì ti yọ, omi tó dànù ni. Ẹ ò ní rí i nínú ìròyìn, ẹ ò ní rí i nínú BigQuery, ibi ìtọ́jú dátà ti Google. Nítorí náà, ohun tó bá ṣeé tún ṣe lórí ìkànnì fúnra rẹ̀, ẹ tún un ṣe níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ wo apá kan lásán, filter inú ìròyìn ti tó. Òfin Admin wà fún ohun tó dá yín lójú pé ẹ ò ní fẹ́ rí láé, àti ohun tí ọwọ́ yín ò tó níbi tó ti ń wá.

Data filters ni wọ́n fi ń yọ òṣìṣẹ́ kúrò nínú iye àlejò. Ká ní ilé ìtajà aṣọ kan ní òṣìṣẹ́ 6, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣí ìkànnì náà nígbà 10 lóòjọ́ láti wo owó ọjà tàbí bóyá àǹkárá kan ṣì kù. Ìbẹ̀wò 60 nìyẹn. Bí ìbẹ̀wò oníbàárà gidi bá jẹ́ 200, tí 4 parí sí rírà, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni. GA4 á kọ 1.5, torí 260 ló kà. Ẹni tó ń sanwó ìpolówó á wá rò pé ìpolówó òun ò ṣiṣẹ́.

Ìpele méjì ni, àárín méjèèjì lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ lọ sí Admin, Data streams, ẹ tẹ ìkànnì yín, Configure tag settings, Show all, Define internal traffic. Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì IP ọ́fíìsì (nọ́mbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń dá a mọ̀) síbẹ̀, ẹ fi traffic_type sílẹ̀ ní internal. Àmì lásán lèyí lẹ̀ mọ́ ìbẹ̀wò náà lára. Data filters ló ń yọ ọ́, lábẹ́ Internal Traffic. GA4 ti ṣe é sílẹ̀ dè yín, ṣùgbọ́n Testing ló wà. Àfi tí ẹ bá sọ ọ́ di Active ló tó lè yọ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sáré tàn án o. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan ní Testing, kí ẹ wá ṣí Explore, kí ẹ mú dimension (ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín dátà) tó ń jẹ́ Test data filter name. Bí iye tí ẹ rí bá jọ ti òṣìṣẹ́ yín, ẹ tàn án. Bó bá pọ̀ rẹpẹtẹ, IP yẹn ti kó oníbàárà mọ́ ọn. Ó lè gba wákàtí 24 sí 36 kó tó mú. Filter 10 péré ni property (ààyè dátà ìkànnì nínú GA4) kan gbà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti lò ju 3 lọ, ó yẹ kó tún un rò.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún wa ni ọ̀rọ̀ IP. Ọ́fíìsì tó ń lo MiFi tàbí router onísíìmù kì í ní IP kan pàtó. Ó ń yí padà, ilé iṣẹ́ fóònù sì máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ IP kan náà. Ẹni tó bá kó gbogbo ọ̀wọ́ IP yẹn sínú òfin lè máa lé àwọn tó fẹ́ rajà jáde nínú ìròyìn. Kúkì, fáìlì kékeré tí ìkànnì ń fi sínú bíráúsà, ló dáa jù. Ẹ ṣe líǹkì kan fún òṣìṣẹ́, tó parí sí ?osise=1, kí Google Tag Manager, irinṣẹ́ tó ń darí kóòdù ìtọpinpin lórí ìkànnì, fi kúkì sílẹ̀ nínú bíráúsà wọn, kó sì máa fi traffic_type ránṣẹ́ pẹ̀lú internal nígbàkigbà tó bá rí kúkì náà. Ẹni tó ń lo iPhone á máa tún líǹkì náà tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí Safari kì í jẹ́ kí kúkì tí JavaScript kọ kọjá ọjọ́ 7.

Developer traffic, irú Data filter kejì, ló léwu jù, bẹ́ẹ̀ ó jọ nǹkan kékeré. Ó ń yọ ohunkóhun tó bá ní debug_mode (àmì ìdánwò tí ẹni tó ń kọ kóòdù ń lò) lára kúrò nínú ìròyìn, DebugView, ojú ìwé ìdánwò, nìkan ló kù tẹ́ ẹ ti lè rí i. Bí ẹni tó kọ kóòdù bá wá gbàgbé debug_mode sórí ìkànnì gidi, gbogbo àlejò yín ti di developer nìyẹn, ìròyìn á gbẹ táútáú. Kíkọ debug_mode: false ò sì wo ó sàn, ẹ yọ ìlà náà kúrò pátápátá.

Inú bíráúsà àlejò ni Modify event, tó ń tún event ṣe, ti ń ṣiṣẹ́, kí dátà tó kúrò níbẹ̀. Ó wúlò nígbà tí plugin (àfikún orí ìkànnì) bá ń fi orúkọ tí kò tọ́ ránṣẹ́ tẹ́ ẹ ò sì lè tú u wò. Lójú GA4, Purchase tó ní P ńlá kì í ṣe purchase, kò ní wọ ìròyìn owó. Ẹ fi event_name equals Purchase ṣe àmì ìdámọ̀, ẹ sọ event_name di purchase. Àmọ́ bí value (iye owó), currency (irú owó) àti transaction_id (nọ́mbà ìrajà náà) ò bá bá a wá, orúkọ nìkan lẹ tún ṣe, owó ò ní hàn.

Create event, tó ń dá event tuntun sílẹ̀ látinú èyí tó ti wà, dára fún ojú ìwé "ẹ ṣeun" tó ń jáde lẹ́yìn tí èèyàn bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹ má kọ page_location (àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé náà) nìkan o. Ẹ fi event_name equals page_view (ṣíṣí ojú ìwé) kún un, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ scroll àti user_engagement tó ṣẹlẹ̀ lójú ìwé yẹn á máa dá event tuntun tiwọn sílẹ̀. Ẹni tó bá tún ojú ìwé náà ṣí, á tún kà á. Modify ló máa ń ṣáájú Create, nítorí náà orúkọ tuntun ni kí ẹ lò nínú Create.

Redact data, tó ń pa àṣírí èèyàn rẹ́ nínú dátà, nìkan la lè ní kí ẹ tàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá pẹ̀lú Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023. Ó ń mú ímeèlì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ nọ́mbà fóònù. Bí fọ́ọ̀mù yín bá ń kọ ?phone= sínú líǹkì, ẹ fi phone sínú àwọn query parameter (orúkọ tó ń tẹ̀ lé àmì ìbéèrè nínú líǹkì), ó gba 30, kí ẹ sì fi Test data redaction dán an wò. Nọ́mbà tó bá wà ṣáájú àmì ìbéèrè nínú líǹkì, kò ní fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ṣì ń dùn wá ni filter tó ń sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, èyí tó wà nínú Universal Analytics, tó ṣáájú GA4, kó tó dáwọ́ dúró ní July 1, 2023. Lónìí, Facebook àti facebook nínú utm_source (àmì inú líǹkì tó ń sọ ibi tí àlejò gbà wá) ti di ìlà méjì, Modify event kì í sì í ṣe irinṣẹ́ ìyẹn. Ẹ fi kékeré kọ utm yín látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti bàjẹ́, ẹ fi custom channel group (ẹgbẹ́ orísun àlejò tí ẹ ṣe fúnra yín) kó o jọ sábẹ́ orúkọ kan. Ìyẹn ń kan dátà àtijọ́ náà, ẹ sì lè pa á rẹ́ nígbà tó bá wù yín.