PS2 slim: ṣé ó ṣì yẹ kéèyàn ní i nílé lẹ́yìn tí géèmù rẹ̀ ti dé orí fóònù?

Ẹ̀yin ará wa n'Íkòròdú, gbogbo ẹni tó bá rí PS2 slim nílé mi, ìyẹn PlayStation 2 tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ géèmù Sony àtijọ́, ló máa ń bi mí pé kí ni mo tún ń fi í ṣe, ṣebí géèmù GTA San Andreas ti wà lórí fóònù látọdún 2013, tí géèmù Resident Evil 4 náà ò sì sí ibi tí ò sí mọ́. Òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ torí àwọn yẹn nìkan, ẹ má wulẹ̀ náwó yín sí i.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, San Andreas tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2021 yẹn, nígbà tó kọ́kọ́ jáde, tí òjò bá ti ń rọ̀ nínú ẹ̀ èèyàn ò ní ríran dáadáa, wọ́n tún yọ kùrukùru tó máa ń bo ọ̀ọ́kán, ìlú tá a mọ̀ sí ìlú ńlá wá kéré lójú, àfìgbà tó di ìparí 2024 kí wọ́n tó dá àwọ̀ ojú ọ̀run àtijọ́ padà. Díẹ̀ lára orin rédíò inú ẹ̀ náà ti yọ dànù torí àdéhùn wọn ti tán. Sídì PS2 ti àkọ́kọ́ yẹn ṣì ní gbogbo ẹ̀.

Èyí tó jẹ́ kí n di tèmi mú gan-an ni àwọn géèmù tí wọn ò gbé wá sórí ẹ̀rọ tuntun rárá. Mortal Kombat Shaolin Monks, 2005, tí ẹ̀yin méjì á jọ mú Liu Kang àti Kung Lao tẹ́ ẹ jọ máa jà lọ, kò dé PS4, kò dé PS5. Def Jam Fight for NY, 2004, bákan náà. Here Comes the Pain, géèmù ìjàkadì WWE, 2003, PS2 nìkan ló ti jáde láyé. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ o, Def Jam yẹn kún fún olórin, Snoop Dogg wà níbẹ̀, Method Man wà níbẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ tún un tà wọ́n gbọ́dọ̀ bá oníkálukú tún àdéhùn ṣe, àwọn oníjàkadì inú ti WWE náà ọ̀pọ̀ wọn ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ta ló máa kó gbogbo wàhálà yẹn jọ? Torí náà, téèyàn bá fẹ́ gbá wọn bó ṣe yẹ, PS2 náà ni.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? PES 2014 àti FIFA 14 ló parí sí i, àmọ́ páàdì méjì, tẹlifíṣọ̀n kan, kò sí dátà, kò sí update, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sì jẹ iná, jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé e pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n láìṣe wàhálà. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú mọ ohun tí mò ń sọ.

Àléébù ẹ̀ wà o. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tòde òní àwòrán ẹ̀ máa ń ṣú, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ ní ojú AV mọ́, ẹ máa ra converter HDMI kékeré tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá àtijọ́ ló bá a mu jù, tẹ́ ẹ bá ṣì ní in ẹ má gbé e fún oníkóńdẹ̀. Memory card, káàdì tó ń tọ́jú ibi tẹ́ ẹ bá géèmù dé, èyí tí Sony fúnra ẹ̀ ṣe ò ju 8MB lọ, ẹ ra méjì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, yálà ní Sábó tàbí ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹ yí i wo lábẹ́. Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ SCPH-9000 àti nọ́ńbà kan sí i ni kẹ́ ẹ mú, torí inú ara ẹ̀ ni ohun tó ń gbáná wà, àwọn slim tó ṣáájú ẹ̀ ń lo adaptor ìta tó tún máa ná yín lówó bí NEPA bá fi iná tó ga jù sun ún. Kí wọ́n fi sídì tí ẹ̀yìn ẹ̀ funfun dán an wò, kí wọ́n tún fi èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ aláwọ̀ búlúù dán an wò, léńsì lè ka ọ̀kan kó má ka èkejì. Kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì yí analog páàdì méjèèjì dáadáa, ayédèrú pọ̀ níta.