Àwòrán Jẹjẹrẹ Ilé-Ẹyin tí Mo Rà ní Ọjà Ouando

Mo ra àwòrán ògiri kan ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ní 6.500 fùráńkì CFA, kí n lè máa fi kọ́ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí lọ́dọ̀ mi. Ìwé rẹ̀ nípọn, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ṣá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin lójú fèrèsé. Ilé-ọmọ, ilé-ẹyin àti ẹnu ọ̀nà ẹyin tó là bí ìka ọwọ́ hàn kedere. Títí dé ibẹ̀, n kò ní ẹjọ́.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ fi hàn wá bí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin ṣe ń tàn kálẹ̀ ni wọ́n ti kọsẹ̀. Ọfà pupa kan ṣoṣo ni wọ́n yà, ó gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Jẹjẹrẹ yìí lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ikùn fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á já kúrò lára ilé-ẹyin, tàbí lára ẹnu ọ̀nà ẹyin níbi tí ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ tó le jù ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì bọ́ sínú omi tó wà láàárín ìfun. Sẹ́ẹ̀lì ara lásán tó bá já bẹ́ẹ̀ a máa kú, ṣùgbọ́n ti jẹjẹrẹ á ṣù jọ bí ẹ̀gúsí inú ọbẹ̀, ṣíṣùjọ yẹn a sì máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú. Mímí tí à ń mí àti ìrìn ìfun ló ń gbé omi náà káàkiri. Bí ìṣùpọ̀ bá kan awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú ikùn, purotéènì CA125 tó wà lára ìṣùpọ̀ náà, èyí tí wọ́n máa ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, á so mọ́ mesothelin, purotéènì mìíràn tó wà lára awọ náà. Lẹ́yìn náà ni ìṣùpọ̀ náà á ti àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí á sì wọlé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn kò ya ọ̀rá tó rọ̀ bo ìfun rárá. Ẹni tó bá ti dúró ti alápatà rí nígbà tó ń la ikùn ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n: ó funfun, ó rí bí àwọ̀n. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí fẹ́ràn. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Chicago fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ibẹ̀ a máa fa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ́ra, a sì máa fún un ní ọ̀rá tó fi ń ṣe agbára.

Mo padà lọ bi ẹni tó tà á. Ó ní, “Ìyá mi, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ni mo ṣe ń tà á o.” Mo fi kálámù aró ya omi ikùn sí i, mo sì fi òféèfèé ya ọ̀rá. Ọfà pupa náà ṣì wà níbẹ̀, nítorí kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá.