Súpámákẹ́ẹ̀tì tuntun àdúgbò wa: ọjà wọn dáa, tírélà wọn ni ò jẹ́ ká sùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá súpámákẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n ṣí ládùúgbò wa ní Ìkẹjà dáa, ó dáa. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Búrẹ́dì wọn máa ń jáde gbóná nírọ̀lẹ́. Iye tí wọ́n kọ sára ọjà náà ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín níbi tẹ́ ẹ ti ń sanwó, kò sí pé kọ̀ǹpútà tún ń pe iye mìíràn. Ẹran dídì wọn mọ́, inú ṣọ́ọ̀bù tutù, àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Mélòó kan nínú wọn jẹ́ ọmọ àdúgbò tó ti ń wáṣẹ́ tipẹ́. Ẹ̀fọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ má rà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó ti sun inú fíríìjì kì í ṣe ẹ̀fọ́ mọ́, lójú tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa rajà tẹ́ ẹ sì máa wọkọ̀ lọ sílé yín ni mo kọ ìyẹn fún. Èmi ò níbi tí mo ń lọ. Ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ló bá ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù pààlà.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, tírélà àkọ́kọ́ á ti yọjú ní ìkóríta. Òpópónà wa ò fẹ̀, kò lè ṣẹ́ kọ́nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, bíréèkì á máa tú afẹ́fẹ́ fììì. Ọmọ mọ́tò á bẹ́ sílẹ̀, á máa fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀: “Máa bọ̀! Máa bọ̀! Ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún! Ó tó, ó tó, ó tó!” Gbogbo bó ṣe ń padà sẹ́yìn yẹn ni aago ìdí ọkọ̀ á máa han pìn, pìn, pìn. Tó bá wọlé tán, ẹ lè rò pé ó ti parí. Tó bá jẹ́ èyí tó kó ẹja àti áísìkiriìmù ni, ẹ̀rọ tó ń mú inú ẹ̀ tutù ní ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ lọ́tọ̀, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Dẹ́rẹ́bà lè pa ọkọ̀ kó gbé orí sórí sítíárì, ẹ́ńjìnnì kejì yẹn ò ní dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n fi ń kó ẹrù lórí kọnkéré. Àwọn tanganran tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi a máa gbọ̀n, èyí tó bá fara kan ara wọn a máa dún bí ṣaworo. Ọkọ mi ti ń fi òwú dí etí sùn. Ìyá ọkọ mi, tí ò gbọ́ràn dáadáa tẹ́lẹ̀, ní òun ń gbọ́ ọ láti inú bẹ́ẹ̀dì.

Mo lọ bá máníjà wọn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa,” ló kọ́kọ́ sọ, kó tó wá ní, “Òfin ni, mà. Wọn ò gbà wá láyè ká gbé e wá lọ́sàn-án.”

Òótọ́ ló sì sọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí lọ́dún 2012 ní kí tírélà má rìn láàárín ìlú láti aago 6 àárọ̀ títí di aago 9 alẹ́, àfi ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì gígùn tó ń kó èrò. Nítorí gosiló ni wọ́n ṣe ṣe é, àti nítorí kọ̀ǹténà tó ń já lé mọ́tò kéékèèké lórí. Kò sẹ́ni tó máa ní òfin yẹn burú. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà, láti ọwọ́ LASEPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ló ní ariwo àdúgbò tí wọ́n ń gbé ò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 55 lọ lọ́sàn-án, àti 45 lóru. Kẹ́ ẹ lè mọ bí 45 ṣe kéré tó, èèyàn méjì tó jókòó tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ máa ń tó 60. Òfin kan ní kí tírélà máa bọ̀ lóru, òfin kejì ní kí òru dákẹ́, ẹ̀yìnkùlé wa làwọn méjèèjì ti wá pàdé.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo rò ó fún un. Lọ́dọ̀ tiwọn, láti bí ogójì ọdún báyìí, òru àti òpin ọ̀sẹ̀ gan-an ni wọ́n fi de ọkọ̀ ẹrù tó bá ju tọ́ọ̀nù 18 lọ ní ọ̀pọ̀ títì àdúgbò, nítorí káwọn èèyàn lè sùn. Orí gosiló làwa ti bẹ̀rẹ̀ tiwa, orí oorun làwọn ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Torí náà, ẹni tó bá ń sọ pé kí wọ́n kó tírélà wá lọ́sàn-án ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti bá ọ̀kan nínú àwọn dẹ́rẹ́bà yẹn sọ̀rọ̀ lójú géètì rí. Ọ̀nà ìlú Agbára ló ti ń bọ̀, ojú ẹ̀ pọ́n. “Màmá, èmi náà fẹ́ sùn o,” ló wí. Kò sí ìjà láàárín èmi àtiẹ̀.

Ilé ìtajà ni mo bá níjà, nítorí ohun tí wọ́n lè ṣe kò ṣòro. Wọ́n ní ibi ìkẹ́rùsí níta ìlú. Wọ́n lè já ẹrù tírélà síbẹ̀, kí wọ́n fi ọkọ̀ kéékèèké gbé e wá lójú ọ̀sán. Tí tírélà bá wá pọn dandan, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ amúkọ̀-tutù ló ṣeé kì bọ iná ilé tí ọkọ̀ bá ti dúró. Kẹ̀kẹ́ onírin ṣeé fi rọ́bà sí lẹ́sẹ̀. Aago ìpadàsẹ́yìn kan tiẹ̀ wà tó ń dún ṣùúù, ṣùúù dípò pìn-pìn, kì í la ògiri kọjá bí èyí. Àwọn ará Netherlands ti ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní PIEK fún irú ẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ já ẹrù lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, ariwo ẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 60 tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n láti mítà 7.5 sí i. A kì í ṣe Netherlands, mo mọ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà wà lọ́jà wa.

Ti ọ̀sán kò le tó ti òru. Ẹnu géètì wọn ló sún mọ́ ìkóríta jù. Tí àyè ìgbọ́kọ̀sí bá ti kún, mọ́tò á tò dé títì, àwọn oní-kẹ̀kẹ́ Márúwá á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì de oníbàárà, àkókò tí ilé ìwé ń jáde gan-an ló sì máa ń ṣẹlẹ̀. Sílábù gọ́tà tí CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, dáwó ṣe ti fọ́ níbi tí tírélà ti ń gun orí ẹ̀. A ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ti ṣíwọ́ fèrè lójú géètì lóru, mẹ́gàádì ló ń fi tọ́ọ̀ṣì pè wọ́n wọlé báyìí, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Sílábù, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó.

Nínú márùn-ún, ọjà wọn gba mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n ṣe ń bá ará àdúgbò gbé gba ọ̀kan àbọ̀, àbọ̀ yẹn sì jẹ́ ti tọ́ọ̀ṣì mẹ́gàádì. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ wá láàárọ̀ kí mọ́tò tó pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́kọ̀ sójú géètì wa.