Oníhò àbí Onísípíríìngì: Èwo Ni Kí Òmùwẹ̀ Rà Fún Èémí Rẹ̀?

Ẹni tó bá ti dúró nínú omi tó mù ún dé ọrùn mọ̀ pé èémí kì í wọlé níbẹ̀ bíi ti orí ilẹ̀. Omi ń tẹ àyà mọ́lẹ̀, òmùwẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ tó tó kí ojú rẹ̀ tó padà sínú omi. Iṣan tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró àti èyí tó wà láàárín egungun ìhà ló ń ṣiṣẹ́ yìí, ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n bó ṣe ń rẹ apá. Àwọn ni ohun èlò oníhò àti onísípíríìngì, tí a ń fi sẹ́nu kí afẹ́fẹ́ lè ṣòro fà, ń kọ́. Wọn kì í sọ ẹ̀dọ̀fóró di ńlá, ohun yòówù kí olùtajà sọ.

Oníhò ló rọrùn jù: ike kékeré tí ihò rẹ̀ ṣeé dín kù. Ẹ fi sítíróò sẹ́nu, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kíákíá: ó le. Ẹ wá fà á jẹ́jẹ́: ó ti rọ̀. Àléébù oníhò gan-an nìyẹn. Bó bá ti ń rẹ̀ yín, ẹ ó máa rọra fà á láìfura, ẹrù á sì fúyẹ́. Ìbòjú ìdárayá tí wọ́n ń pè ní ti orí òkè, bí ẹni pé ẹ̀ ń mí lórí òkè gíga, kò yàtọ̀ sí i. Ó kàn ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà ni.

Fáàfù onísípíríìngì kì í ṣí àfi bí agbára tí ẹ fi ń fà bá tó ibi tí ẹ yí i sí. Ẹ yára o, ẹ rọra o, ẹrù ò yẹ̀. Òun ni mo fara mọ́. POWERbreathe wà lára wọn. Èémí 30, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ní nǹkan bí ìdajì gbogbo agbára yín, ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Ẹ má ṣe bíi tèmi o: èyí tó le jù ni mo kọ́kọ́ rà. Mo fà á títí ojú mi fi pọ́n, fáàfù ò mira. Ẹ má sì ra ti aláìsàn: Threshold IMT kì í kọjá 41 cmH2O (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ìfàsínú), ara tó le á tètè ju ìyẹn lọ.

Ohun èlò mìíràn, Airofit, ń kọ́ ìfàsínú àti ìmísíta, ó sì ń gbé nọ́ńbà sórí fóònù. Ó dáa fún ẹni tí nọ́ńbà ń wú lórí. Ti snorkel (ọ̀pá tí òmùwẹ̀ fi ń mí nígbà tí ojú rẹ̀ wà nínú omi) tí wọ́n fi ọmọrí dín ihò rẹ̀ kù, inú omi lẹ ti máa lò ó, àmọ́ oníhò náà ni.

Èrè rẹ̀ kò pọ̀ lọ títí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àkókò àwọn òmùwẹ̀ fi díẹ̀ dín kù ní mítà 100 àti 200; ní 400, kò sí ìyàtọ̀.

Ẹni tí afẹ́fẹ́ ti jò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí, tàbí tí ìlù etí rẹ̀ ya, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Kí ẹ sì tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ó ṣeé tú fọ̀: itọ́ máa ń rọ̀ jọ sẹ́yìn fáàfù, kì í sì í pẹ́ tó fi ń rùn.