Lẹ́ńsì 16-35 àti 24-70: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Adágún Inú Òkè Ayọnáyèéfín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá, tí ẹ sì ń gbèrò láti lọ ya adágún Pidong ní Ìpínlẹ̀ Plateau tàbí Tilla ní agbègbè Biu ní Borno, lẹ́ńsì méjì ni yóò máa du owó yín bí ẹ bá dé Banex, ọjà ẹ̀rọ Àbújá: 16-35mm àti 24-70mm. Nọ́ńbà méjèèjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tí súùmù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Lórí kámẹ́rà full-frame, èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi bíi fíìmù 35mm, 16mm ń rí nǹkan bí dígírì 97 láti ọ̀tún dé òsì, 24mm ń rí nǹkan bí 74. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí pé etí kòtò tí adágún wà nínú rẹ̀ gan-an lẹ máa dúró sí, bí ẹ bá sì fà sẹ́yìn, ilẹ̀ á bo omi mọ́ yín lójú. 16mm á kó apá púpọ̀ nínú etí kòtò sínú àwòrán kan, ṣùgbọ́n á sọ ògiri òkúta òdìkejì di bíńtín, omi á wá rí bí ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ àwo. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ APS-C, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré sí ti full-frame, ohun tí 24mm ń rí lórí full-frame ni 16mm máa fún yín.

Ibi tí mo ti yan 24-70 ni ọ̀rọ̀ fílítà polariser, gíláàsì tí wọ́n ń dè síwájú lẹ́ńsì láti dín dídán ojú omi kù, tí mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó má rà. Bí ẹ bá ń wo omi nísàlẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 37 sí ojú omi, ibẹ̀ ni fílítà yìí ti lágbára jù; ẹ rọra yí òrùka rẹ̀, ẹ ó rí i tí funfun tó ń dán lójú omi máa ṣí kúrò, tí àwọ̀ ewé àti òkúta etí omi á yọ jáde. Ṣùgbọ́n lójú sánmọ̀, apá tó wà ní dígírì 90 sí oòrùn ló máa ń mú dúdú jù, 16mm sì ń kó sánmọ̀ púpọ̀ débi pé apá kan á dúdú, apá kejì á ṣì mọ́lẹ̀. Ní 35mm, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbogbo kòtò, ẹ yọ fílítà, ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóròó, ẹ ya àwòrán tẹ̀léra kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọnú èkejì ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kí kọ̀ǹpútà sì so wọ́n pọ̀.

Drone ló lè fi òbìrí náà hàn láti òkè, àmọ́ ó nílò àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, àti ti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààbò Orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọ ogun sì fòfin de lílò rẹ̀ láìgbàṣẹ ní Ìlà-Oòrùn Àríwá ní 2025.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì létí kòtò, nítorí eruku. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ tan iná fóònù sí ẹ̀yìn lẹ́ńsì láti wo èérún inú rẹ̀, ẹ yí òrùka súùmù, ẹ fetí sí i bóyá iyanrìn ń họ níbẹ̀, kí ẹ sì ka nọ́ńbà ìwọ̀n fílítà tó wà níwájú rẹ̀, bíi 77 tàbí 82, kí ẹ tó ra fílítà.