HEC-RAS: ṣé ó tó fi ṣírò ìkún omi níbi ilé iṣẹ́ iná núkílíà?

HEC-RAS jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìrìn omi, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà, US Army Corps of Engineers, ló ń ṣe é ní ìlú Davis ní California láti ọdún 1995. Ẹni tó bá ti ní kọ̀ǹpútà Windows lè gbà á láìsan kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 5.0 ti jáde ní 2016 ló ti ń ṣírò bí omi ṣe ń tàn káàkiri ilẹ̀, kì í ṣe bó ṣe ń ṣàn lọ nínú odò nìkan. Fún iṣẹ́ núkílíà, 4 nínú 5 la fún un. Máàkì kan tó pàdánù yẹn, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí òun ló léwu jù.

Ìbéèrè ilé iṣẹ́ núkílíà le ju ti afárá lọ. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí omi máa ṣe bí òjò tó pọ̀ jù lọ tó ṣeé ṣe ní agbègbè náà bá rọ̀, bí dáàmù bá já lókè odò, àti bí òjò ńlá bá dà sórí ọgbà náà gan-an. HEC-RAS gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ HEC-HMS, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, lẹ máa kọ́kọ́ fi sọ òjò di omi odò. Níbẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ìwé NUREG/CR-7046 ti NRC, àjọ tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ núkílíà ní Amẹ́ríkà: ẹ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún góńgó unit hydrograph (ìlà tó ń fi hàn bí omi odò ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù lẹ́yìn òjò), kí ẹ sì dín àkókò tó fi ń dé góńgó kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Òjò ńlá máa ń yára kó omi jọ ju òjò kékeré tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n lọ.

Àwòrán ilẹ̀ ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Lidar, ìmọ́lẹ̀ lésà tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ láti òfurufú, kì í rí abẹ́ omi. Bí ẹ bá kó o wọlé bẹ́ẹ̀, ojú omi ni RAS Mapper, apá àwòrán ilẹ̀ nínú HEC-RAS, máa kà sí ìsàlẹ̀ odò, omi á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wọn ìsàlẹ̀ odò, kí ẹ fi kún un. Lẹ́yìn náà, HEC-RAS á pín ilẹ̀ sí ojú àwọ̀n kéékèèké; ẹ fa breakline, ìlà tí etí ojú àwọ̀n máa tẹ̀ lé, sórí gbogbo òkìtì, títì àti ògiri. Bí ojú àwọ̀n kan bá fẹ̀ tó mítà 50, tí òkìtì sì gba àárín rẹ̀ kọjá, gíga omi kan náà ló máa wà lápá méjèèjì, bí ẹni pé kò sí òkìtì níbẹ̀. Nínú ọgbà, ojú àwọ̀n mítà 3 sí 5 ló dára. Bí omi bá ń sáré ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ojú àwọ̀n mítà 5, àkókò ìgbésẹ̀ ìṣirò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 lọ. Diffusion Wave, ìlànà ìṣirò tó rọrùn jù, lẹ máa bá nínú rẹ̀. Fún dáàmù tó já àti omi tó ń yí ilé po, Shallow Water, ìlànà tó kún jù ú lọ, ni kí ẹ yàn. Tí volume error (iye omi tí ìṣirò náà sọnù tàbí fi kún) bá kọjá ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má gba èsì náà gbọ́.

Ó kù síbi máàkì tó pàdánù. Gíga omi ni HEC-RAS ń sọ. Kò lè sọ bóyá ohun tí wọ́n fi dí omi máa dúró. Ẹ wo Fort Calhoun, ilé iṣẹ́ iná núkílíà kan létí odò Missouri, ní Nebraska. Ilẹ̀ ọgbà rẹ̀ wà ní 1,004 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì yẹ kí ààbò rẹ̀ dé 1,014. Ní 2010, NRC bá wọn wí pé àpò iyanrìn tí wọ́n fẹ́ tò lé ìlẹ̀kùn omi kò lè dé ibẹ̀. Ní June 2011 odò kún débi tó sún mọ́ 1,007. Wọ́n fi rọ́bà ńlá tó kún fún omi, tí gígùn rẹ̀ tó 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, yí ilé iṣẹ́ náà ká. Ní 26 June, ẹ̀rọ kan gún un, ó bẹ́, omi sì dé ìdí ilé ríákítọ̀ àti àwọn tiransifọ́mà. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n yí sí fúngbà díẹ̀. Omi náà kò tíì dé gíga tí wọ́n ṣírò. Ní ilé iṣẹ́ núkílíà Blayais nílẹ̀ Faransé, lóru 27 December 1999, ìgbì tí ìjì gbé wá ló gun òkìtì, omi sì gba ihò wáyà wọ àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀. HEC-RAS kì í ṣírò bí ìgbì ṣe ń gun ògiri. Ẹ ṣe ìyẹn lọ́tọ̀, kí ẹ sì rìn yí ilé náà ká, kí ẹ ka gbogbo ihò àti ìlẹ̀kùn tó rẹlẹ̀ ju gíga omi lọ.

Ní ti omi tí ilé iṣẹ́ lè tì sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó ṣeé fọkàn tán gan-an. Ẹ ṣírò ilẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ tún ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da yẹ̀pẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìkún omi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Àwọ̀n kan náà ni kí ẹ lò fún méjèèjì, breakline yẹ̀pẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú méjèèjì. Bí àwọ̀n bá yàtọ̀, ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà mélòó kan tí ẹ rí lè jẹ́ ti àwọ̀n, kì í ṣe ti yẹ̀pẹ̀. Láti fa ààlà ojú ọ̀nà omi tí FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àjálù, ń béèrè, níbi tí omi kò ti gbọdọ̀ fi ju ẹsẹ̀ bàtà 1 ga sí i, Method 4 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nínú apá 1D ti HEC-RAS (ìṣirò omi tó ń ṣàn lọ nínú odò), kí ẹ fi Method 1 tún un ṣe títí ìlà náà á fi tọ́.